Bí Ẹ Ṣe Lè Pẹjọ́ fún Ẹlẹ́wọ̀n Tí Wọ́dà Lù ní Èkó, Kí Ẹjọ́ Náà Má Kú Sójú Ọ̀nà

Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ tí wọ́n ń pè lórí ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́dà lù kì í dé ibi tí adájọ́ yóò ti béèrè pé ṣé wọ́n lù ú lóòótọ́. Wọ́n ti máa ń dà á nù kó tó débẹ̀. Kò sí ìwé dókítà. Orúkọ tí wọ́n pè lẹ́jọ́ kì í ṣe èyí tí òfin mọ̀. Ìwé ìbúra, èyí tí wọ́n ń pè ní affidavit, kún fún èpè àti ẹ̀bẹ̀, kò sọ ọjọ́, kò sọ aago. Tàbí kí lọ́yà gba ọ̀nà tí òfin máa ń tì pa lẹ́yìn oṣù 3, kí ó sì dé ibẹ̀ ní oṣù kẹrin.

Ẹ̀yin ẹbí tó wà níta ni mo kọ èyí fún, nítorí ẹni tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì kò lè sáré ìwé. Ìbáà jẹ́ Kírìkírì ni ẹni yín wà, ìbáà jẹ́ Ìkòyí tàbí Àgbádárìgì, ìlànà kan náà ni. Bóyá wọ́n ti dá a lẹ́bi tàbí ó ṣì ń retí ìgbẹ́jọ́, ìyẹn náà kò yí nǹkan padà. Abala 34 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ọdún 1999 kò yọ ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀ nígbà tó sọ pé kò sẹ́ni tí wọ́n gbọ́dọ̀ dá lóró tàbí hùwà sí lọ́nà tó tàbùkù ọmọ ènìyàn. Ní 1996, nínú ẹjọ́ Nemi àti Agbẹjọ́rò Àgbà Ìpínlẹ̀ Èkó, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn sọ pé ẹni tí wọ́n ti dájọ́ ikú fún pàápàá ṣì ní ẹ̀tọ́ tó lè tìtorí rẹ̀ lọ sí kóòtù.

Ohun tí ẹ ó kó jọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Orúkọ ẹlẹ́wọ̀n gẹ́lẹ́ bó ṣe wà nínú ìwé tí kóòtù fi rán an lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ọ̀pọ̀ ló fún ọlọ́pàá ní orúkọ mìíràn lọ́jọ́ tí wọ́n mú wọn. Bí ẹni yín bá wà lára wọn, orúkọ méjèèjì ni ẹ ó kọ: Lágbájá, tí wọ́n tún ń pè ní Lámọrín.
- Nọ́ńbà ẹjọ́ rẹ̀, kóòtù tó wà, àti ọjọ́ tí wọ́n sún ìgbẹ́jọ́ sí.
- Káàdì ìdánimọ̀ ẹni tí yóò máa lọ bẹ̀ ẹ́ wò. Ẹnì kan náà ni kó máa lọ bó bá ṣeé ṣe, nítorí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ni yóò búra nígbẹ̀yìn.
- Ìwé àkọsílẹ̀ kan tó jẹ́ ti ọ̀rọ̀ yìí nìkan, kí ó má jẹ́ ẹ̀yìn rìsíìtì tàbí ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì.
- Ìwé tí ẹlẹ́wọ̀n fọwọ́ sí tàbí tẹ̀ka sí, pé òun gbà kí lọ́yà àti ẹbí gba àkọsílẹ̀ ìlera òun.
- Owó díẹ̀ fún kóòtù, fún bélífù (òṣìṣẹ́ kóòtù tó ń gbé ìwé ẹjọ́ dé ọ̀dọ̀ olùjẹ́jọ́) àti fún dókítà.
- Lọ́yà.

Bí kò bá sí owó lọ́yà, Legal Aid Council ti ìjọba àpapọ̀ wà fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò ju owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba là kalẹ̀, òfin ọdún 2011 tó gbé wọn dìde sì ka ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn mọ́ iṣẹ́ wọn. Ìpínlẹ̀ Èkó ní Office of the Public Defender tirẹ̀, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní OPD. Ẹ sọ́ra fún àwọn tó ń dúró sẹ́nu géètì kóòtù, tí wọ́n ti gba àpò ìwé lọ́wọ́ yín kí ẹ tó sọ ohun tó gbé yín wá. Lọ́yà tòótọ́ ní èdìdì NBA, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà Nàìjíríà, tó máa ń lẹ̀ mọ́ ìwé tó bá kọ. Ẹ ní kó fi hàn yín. Kò ní bínú.

1. Ẹ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ kí ojú ọgbẹ́ tó jinná

Ìbẹ̀wò àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí wọ́n lù ú ló wúlò jù nínú gbogbo ohun tí ẹ máa ṣe. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, àmì ara á ti máa parẹ́. Tó bá fi máa di oṣù kejì, ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀ lè ti gba ìtúsílẹ̀, tàbí kí wọ́n ti gbé e lọ sí ọgbà mìíràn.

Ẹ má mú fóònù wọlé o. Ibí ni ọ̀pọ̀ ẹbí ti ń kọsẹ̀: wọ́n á wá ẹni tí yóò bá wọn fi fóònù há ẹlẹ́wọ̀n lọ́wọ́ kó lè ya fọ́tò ojú ọgbẹ́. Ẹrù òfin ni fóònù nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n. Bí wọ́n bá ká a mọ́ ọn lọ́wọ́, wọ́dà ti rí ohun tí yóò sọ nìyẹn, pé fóònù ni àwọn fẹ́ gbà tí ìjà fi ṣẹlẹ̀. Ohun tí ẹ máa béèrè rèé:

- Ọjọ́ wo, aago mélòó? Bí kò bá mọ aago, ṣé kí wọ́n tó pín oúnjẹ àárọ̀ ni, àbí lẹ́yìn tí wọ́n ti tì wọ́n mọ́lé lálẹ́?
- Ibo gan-an: nínú sẹ́ẹ̀lì, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ní géètì, nínú ọkọ̀ tó ń gbé wọn lọ sí kóòtù?
- Ta ni? Orúkọ tó wà láyà aṣọ. Bí kò bá rí orúkọ, ipò rẹ̀, ìrísí rẹ̀, àti àwọn tí wọ́n jọ wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà.
- Kí ni wọ́n fi lù ú: kóńdó, bẹ́líìtì, bàtà, páìpù? Ibo lára?
- Ṣé ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà lọ́wọ́ tàbí lẹ́sẹ̀ rẹ̀ nígbà náà?
- Kí ló ń ṣe kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kí ló sì ń ṣe bí wọ́n ṣe ń lù ú lọ?
- Ta ló wà níbẹ̀?
- Lẹ́yìn rẹ̀ ńkọ́: ṣé wọ́n gbé e lọ sí kílíníìkì, àbí wọ́n tì í mọ́ yàrá òun nìkan?

Ẹ má fo ìbéèrè nípa ohun tó ń ṣe, nítorí òfin gba wọ́dà láàyè láti lo agbára nígbà mìíràn. Ìlànà àjọ UN lórí ẹlẹ́wọ̀n, èyí tí wọ́n fi orúkọ Mandela pè ní 2015, ṣàlàyé rẹ̀ ní ìlànà 82: wọ́dà lè lo agbára láti gba ara rẹ̀, láti dá ẹni tó fẹ́ sá dúró, tàbí bí ẹlẹ́wọ̀n bá takú sí àṣẹ tó bófin mu. Àmọ́ kò gbọdọ̀ kọjá ìwọ̀n tí ọ̀ràn náà béèrè, ó sì gbọ́dọ̀ fi tó ọ̀gá ọgbà létí lójú ẹsẹ̀. Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ ẹni yín ló kọ́kọ́ ju ẹ̀ṣẹ́, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹjọ́ ṣì lè dúró bó bá jẹ́ pé lẹ́yìn tí wọ́n ti dè é, tó ti dùbúlẹ̀, ni wọ́n tó fọ́ ọ lápá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi apá tirẹ̀ pamọ́, tí àwọn wọ́dà sì búra pé òun ló bẹ̀rẹ̀, ta ni yóò tún gba ìyókù gbọ́ lẹ́nu yín?

Ohun kan tún wà. Níbi tí ẹbí ti ń bá ẹlẹ́wọ̀n sọ̀rọ̀, wọ́dà sábà máa ń wà nítòsí. Ẹ má ní kó máa dárúkọ ẹni tó lù ú níbẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún lọ́yà. Ìlànà Mandela sọ pé wọ́dà lè máa wo lọ́yà àti oníbàárà rẹ̀ láti òkèèrè, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Iṣẹ́ tiyín ni kí ẹ wo ara rẹ̀ dáadáa, bó ṣe ń rìn, bó ṣe ń mí, ọwọ́ tí kò lè gbé sókè, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ rí pẹ̀lú ọjọ́ àti aago bí ẹ bá ti jáde sí títì.

*Ẹ fi èyí yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ fún ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ náà ní ìwé tí ẹ kọ. Bí ó bá lè sọ ìtàn náà padà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láì bi yín ní "ta ni?" tàbí "nígbà wo?", ó ti tó.

2. Ẹ wá ìwé dókítà tó sọ̀rọ̀

Ìwé tó sọ pé "ara ń dùn ún, a fún un ní pàrásítámọ̀" kò wúlò. Èyí tí ẹ ń wá yóò sọ ibi tí ọgbẹ́ wà, bó ṣe gùn tó, àwọ̀ rẹ̀, bóyá ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ tàbí ó ti pẹ́, àti èrò dókítà bóyá irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ bá ohun tí aláìsàn sọ mu. Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ni lọ́yà ìjọba máa ń kọ́kọ́ wá nínú ìwé, nítorí bí kò bá sí níbẹ̀, yóò ní inú balùwẹ̀ ló ti ṣubú.

Báwo lẹ ṣe máa rí i gbà lọ́wọ́ àwọn tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn? Ọ̀nà mélòó kan ló wà, ẹ má sì gbára lé ẹyọ kan.

Kílíníìkì ọgbà ẹ̀wọ̀n ni àkọ́kọ́. Kí ẹlẹ́wọ̀n fúnra rẹ̀ ní òun fẹ́ rí dókítà, kó sì sọ ohun tó ṣe òun. Ẹ̀rù lè bà á láti sọ pé wọ́dà ni. Bí kò bá lè sọ ẹni tó ṣe é, kó ṣáà má parọ́ pé òun ṣubú, nítorí àkọsílẹ̀ yẹn ni wọn yóò mú wá sí kóòtù lọ́jọ́ kan.

Èkejì wà fún ẹni tó ṣì ń retí ìgbẹ́jọ́, mo sì rò pé kò sí èyí tó dà bí i, síbẹ̀ àwọn ènìyàn kì í sábà rántí rẹ̀: ọjọ́ tí wọ́n bá gbé e wá sí kóòtù lórí ẹjọ́ ọ̀daràn rẹ̀. Kí lọ́yà rẹ̀ dìde, kó ní kí adájọ́ wo ara oníbàárà òun, kó sì bẹ̀bẹ̀ pé kí kóòtù kọ ohun tó rí sínú àkọsílẹ̀ ọjọ́ náà, kí ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n gbé e lọ sí ọ́sípítù. Lẹ́yìn náà, ẹ sanwó fún ẹ̀dà àkọsílẹ̀ náà tí kóòtù fọwọ́ sí, èyí tí wọ́n ń pè ní CTC. Ta ló fẹ́ bá yín jiyàn lórí ohun tí adájọ́ fi ojú ara rẹ̀ rí?

Ẹ̀kẹta, kí lọ́yà kọ̀wé sí ọ̀gá ọgbà pé òun fẹ́ kí dókítà tí kì í ṣe tiwọn wá yẹ̀ ẹ́ wò. Anti-Torture Act ti 2017 fún ẹni tó wà ní àhámọ́ ní ẹ̀tọ́ sí àyẹ̀wò ara àti ọpọlọ lọ́dọ̀ dókítà tó dá dúró. Bí wọ́n bá kọ̀, tàbí tí wọn kò fèsì, lẹ́tà náà àti ìdákẹ́jẹ́ wọn ti di ẹ̀rí. Ẹ ó sì béèrè fún àṣẹ kóòtù lórí rẹ̀ ní ìpele kẹfà.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ṣé orúkọ ẹni yín ló wà lórí ìwé dókítà, ṣé ọjọ́ àyẹ̀wò wà níbẹ̀, ṣé dókítà kọ orúkọ tirẹ̀ kó tó fọwọ́ sí i? Mo ti rí ìwé tó dára gan-an tí kò ní ọjọ́.

3. Ẹ fi ẹjọ́ sùn lórí ìwé

Ìlànà ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn kò ní dandan ni kí ẹ kọ́kọ́ fẹjọ́ sun ọ̀gá wọ́dà. Ẹ ṣe é síbẹ̀. Ó ń fi hàn pé ẹ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ hun ìtàn náà nítorí owó, ó sì ń jẹ́ kí ẹni tó lù ú mọ̀ pé ojú wà lára òun.

Ẹ kọ ọ́ sí ọ̀gá ọgbà ẹ̀wọ̀n náà, kí ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ọ̀gá àjọ náà ní Èkó àti sí ọ̀gá àgbà pátápátá ní Àbújá. Ojú ìwé kan ti tó. Ẹ má halẹ̀, ẹ má ṣépè, ẹ má sọ iye owó tí ẹ máa gbà. Ẹ mú ẹ̀dà méjì lọ, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ọ̀kan, kí wọ́n kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ mú un padà sílé. Bí wọ́n bá kọ̀ láti lu òǹtẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ ní pósítọ́fíìsì nípasẹ̀ EMS, ọ̀nà ìfìwéránṣẹ́ kíákíá tiwọn, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì. Lẹ́tà tí ẹ kò lè fi hàn pé wọ́n gbà, bí ẹni pé ẹ kò kọ ọ́ ni.

Ẹ fi ẹ̀dà kan tó NHRC létí, àjọ ìjọba tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, tí kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá wá fẹjọ́ sùn. Lábẹ́ Freedom of Information Act ti 2011, ẹ tún lè kọ̀wé béèrè àkọsílẹ̀ kílíníìkì àti ohun tí wọ́n kọ nípa ìṣẹ̀lẹ̀ ọjọ́ náà, kí wọ́n sì fèsì láàárín ọjọ́ 7. Ìwé ìyọ̀ǹda tí ẹlẹ́wọ̀n fọwọ́ sí ni ẹ ó so mọ́ ọn, torí wọ́n lè sọ pé ọ̀rọ̀ ìlera jẹ́ àṣírí.

Ẹ̀rù tí gbogbo ẹbí ń bà ni pé wọ́n á gbẹ̀san lára rẹ̀. Ó lè ṣẹlẹ̀. Ẹ máa lọ wò ó déédéé, kí ẹ sì jẹ́ kí lọ́yà náà máa yọjú. Bí wọ́n bá gbé e lọ sí ọgbà mìíràn níta Èkó, ẹjọ́ kò tẹ̀ lé e lọ: abala 46 nínú ìwé òfin sọ pé kóòtù gíga ní ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti tẹ ẹ̀tọ́ náà lójú ni ẹ lè lọ.

4. Ẹ yan ọ̀nà tó tọ́

Ọ̀nà méjì ló wà, àṣìṣe tó sì máa ń pa ẹjọ́ jù lọ ló wà níbí.

Ẹ lè pẹjọ́ bí ẹni tí wọ́n lù lójú títì ṣe máa ń pẹjọ́, kí ẹ ní kí wọ́n san owó ìpalára. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́dà, òfin tí wọ́n ń pè ní Public Officers Protection Act sì sọ pé oṣù 3 péré ni ẹ ní láti pe òṣìṣẹ́ ìjọba lẹ́jọ́ lórí ohun tó ṣe lẹ́nu iṣẹ́. Ìwọ̀nba ọ̀nà àbáyọ wà nínú rẹ̀, àmọ́ ẹ má fi ẹjọ́ yín tẹ́ tẹ́tẹ́ lórí wọn. Kí ẹbí tó rí lọ́yà, kí lọ́yà tó rí ẹlẹ́wọ̀n, oṣù 3 ti lọ.

Ọ̀nà kejì ni ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, lábẹ́ ìlànà tí Adájọ́ Àgbà orílẹ̀-èdè gbé jáde ní 2009. Ní rejísítírì, ọ́fíìsì tí kóòtù ti ń gba ìwé ẹjọ́, Fundamental Rights ni ẹ máa gbọ́ tí wọ́n ń pè é. Order III, ìyẹn apá kẹta nínú ìlànà yẹn, sọ pé kò sí òfin tó ń dá gbèdéke àsìkò tó lè dí irú ẹjọ́ yìí lọ́wọ́. Orí ìwé ìbúra ni wọ́n sì ń gbọ́ ọ, kì í ṣe pé kí ẹlẹ́rìí máa tò wọlé fún ọdún gbọọrọ. Bí ẹ bá bi mí, èyí ni kí ẹ gbà, àfi bí ẹ bá ṣì wà láàárín oṣù 3 tí lọ́yà sì fẹ́ fi ìbéèrè gbo wọ́dà náà lójú kóòtù.

Ó ní àwọn kòtò tirẹ̀ o. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ń béèrè gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ̀tọ́ tí wọ́n tẹ̀ lójú. Bí ẹ bá kó ọ̀rọ̀ owó tí wọ́dà jẹ yín, fóònù tí wọ́n gbà, àti ẹjọ́ olè tí wọ́n fi purọ́ mọ́ ọn sínú ìwé kan náà, adájọ́ lè sọ pé lílù kọ́ ni kókó ẹjọ́, kó sì dà á nù. Bí wọ́n bá lu ẹlẹ́wọ̀n méjì lọ́jọ́ kan náà, kí kálukú pẹjọ́ tirẹ̀: àwọn adájọ́ kan ti dá ẹjọ́ nù nítorí pé àwọn olùpẹjọ́ kóra jọ sínú ìwé kan.

Tí ẹni náà bá kú ńkọ́? Ọ̀tọ̀ ni ìrìn àjò yẹn. Òfin Coroner tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2007 wà fún ìwádìí ikú ẹni tó wà ní àhámọ́. Ẹ má gba òkú, ẹ má sì sin ín, kí lọ́yà tó sọ̀rọ̀.

5. Ta lẹ ń pè lẹ́jọ́, ibo lẹ sì ń gbé e lọ?

"Ọgbà Ẹ̀wọ̀n Kírìkírì" kì í ṣe ẹni tí òfin mọ̀. Ilé ni. Wọ́dà tó lù ú ni ẹ ó kọ́kọ́ dárúkọ bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, lẹ́yìn náà ọ̀gá tó ń ṣàkóso ọgbà náà, ọ̀gá àjọ ní Èkó, àti ọ̀gá àgbà pátápátá fún Nigerian Correctional Service. Orúkọ tí òfin ọdún 2019 fún àjọ náà nìyẹn. Ẹ má kọ Nigerian Prisons Service mọ́. Ọ̀pọ̀ lọ́yà tún máa ń fi Agbẹjọ́rò Àgbà ìjọba àpapọ̀ kún un.

Májísíréètì kò lè gbọ́ ẹjọ́ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹjọ́ ọ̀daràn wà. Kóòtù gíga ni: ti ìpínlẹ̀, bí èyí tó wà ní Ìkẹjà, tàbí ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìkòyí. Níwọ̀n bí àjọ náà ti jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, Ìkòyí ni mo rò pé àríyànjiyàn yóò ti kéré jù.

6. Àwọn ìwé tí ẹ ó kọ

Lọ́yà ni yóò kọ ìwé ìbéèrè sí kóòtù, àlàyé tó sọ ẹni tí olùpẹjọ́ jẹ́, ohun tó ń fẹ́ àti ìdí rẹ̀, pẹ̀lú àròyé òfin. Ìwé ìbúra ni ẹ gbọ́dọ̀ bá a jókòó lé lórí.

Ta ni yóò búra? Ìlànà 2009 mọ̀ pé ẹni tó wà ní àhámọ́ lè má ráyè búra. Ó gbà kí ẹlòmíràn búra dípò rẹ̀, ìyẹn ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀ tàbí ẹni tí ẹlẹ́wọ̀n sọ ọ́ fún, bó bá ti lè sọ nínú ìwé náà pé olùpẹjọ́ kò lè búra fúnra rẹ̀. Gbólóhùn yẹn kì í ṣe àfikún o. Ẹ rí i pé ó wà níbẹ̀.

Òfin ẹ̀rí ọdún 2011 kò fẹ́ àròyé, àdúrà tàbí ìdájọ́ nínú ìwé ìbúra. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìkan ló ń fẹ́. Ẹ má kọ: "Ìkà ènìyàn ni wọ́dà náà, ó sì tẹ òfin lójú." Ẹ kọ: "Ní agogo 7 àárọ̀ ọjọ́ báyìí, wọ́dà náà fi kóńdó lu ọwọ́ òsì olùpẹjọ́, ìgbà náà sì ni ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀." Bó bá jẹ́ ohun tí ẹlẹ́wọ̀n sọ fún yín, ẹ kọ pé òun ló sọ ọ́, ọjọ́ tó sọ ọ́, ibi tó ti sọ ọ́, àti pé ẹ gbà á gbọ́. Ìwé àkọsílẹ̀ ìpele àkọ́kọ́ á wá wúlò níbí.

Bó bá jẹ́ Màmá tí kò kàwé ni yóò búra, wọ́n gbọ́dọ̀ ka ìwé náà sí i létí ní Yorùbá, kí ìsàlẹ̀ ìwé sì sọ pé wọ́n kà á, wọ́n túmọ̀ rẹ̀, ó sì yé e kó tó tẹ̀ka. Kí orúkọ ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀. Lọ́yà ìjọba mọ ibi tí yóò wò. Bí fọ́tò tàbí ìwé tó ti inú kọ̀ǹpútà jáde bá wà, irú fọ́tò tí wọ́n yà ní ọ́sípítù lẹ́yìn tí wọ́n gbé e lọ síbẹ̀, abala 84 nínú òfin kan náà ń béèrè ìwé ẹ̀rí lórí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ṣe é.

Nípa ohun tí ẹ ń fẹ́: kí kóòtù kéde pé wọ́n tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ lójú, kí ó dá wọn lẹ́kun, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ ní ọ́sípítù, kí wọ́n san owó gbà-má-bínú. Ẹ kọ iye owó náà. Kóòtù kì í fún ènìyàn ju ohun tó béèrè lọ. Bí ara rẹ̀ kò bá lè dúró de ìgbẹ́jọ́, Order IV nínú ìlànà 2009 gba lọ́yà láàyè láti béèrè àṣẹ pàjáwìrì kí wọ́n tó fún àwọn olùjẹ́jọ́ níwèé pàápàá.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ ka ìwé ìbúra sókè fún ẹlẹ́wọ̀n nígbà tí lọ́yà bá lọ rí i. Ọjọ́, aago àti apá ibi tó ń dùn ún gbọ́dọ̀ bá ìwé dókítà mu. Bí ìwé dókítà bá sọ ọwọ́ ọ̀tún, tí ìbúra sọ ọwọ́ òsì, ẹ dúró ná.

7. Ẹ fi ìwé wọ kóòtù, kí bélífù sì gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn

Rejísítírì á ṣírò owó, ẹ ó san án, ẹ ó gba rìsíìtì àti nọ́ńbà ẹjọ́. Ní Ìkòyí, FHC/L/CS ló ń bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà náà. Ìlànà sọ pé kí wọ́n dá ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ sí àárín ọjọ́ 7. Ẹ má fi ìyẹn ṣe ìlérí fún ẹnikẹ́ni nílé.

Ibi tí ẹjọ́ ti máa ń sùn ni ọ̀dọ̀ bélífù. Olùjẹ́jọ́ kan wà ní Àbújá, ẹnì kan ti yí ibi iṣẹ́ padà, bélífù ní òun kò rí wọn. Ẹ máa pe lọ́yà. Ẹ̀rí tí ẹ ń wá nínú fáìlì ni ìwé tí bélífù fi búra pé òun ti fún olùjẹ́jọ́ kọ̀ọ̀kan níwèé, ẹnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọjọ́ tirẹ̀. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́ kù, ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ yẹn ti ṣòfò.

8. Ẹ dáhùn ohun tí wọ́n bá sọ

Agbẹ́jọ́-ẹnì-kan-dá, àgbà òṣìkà. Adájọ́ gbọ́dọ̀ gbọ́ tiwọn. Ọjọ́ 5 ni olùjẹ́jọ́ ní lẹ́yìn tó bá gba ìwé láti fèsì, ọjọ́ 5 náà lẹ sì ní láti fèsì sí tiwọn. Tiyín yẹn ni àwọn ènìyàn ń sùn lé lórí.

Ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ kò pọ̀: ó fẹ́ sá, ó kọlu wọ́dà, ó bá ẹlẹ́wọ̀n ẹgbẹ́ rẹ̀ jà, ó ṣubú, wọ́dà tó ń sọ kò sí lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ mú ìwé wọn, kí ẹ tò ó ní ìpínrọ̀-ìpínrọ̀, kí ẹ kọ ìdáhùn sí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìwé ìbúra mìíràn. Ohun tí ẹ kò bá sẹ́, kóòtù lè kà á sí pé ẹ gbà á. Bí wọ́n bá ní ó bá ẹlẹ́wọ̀n jà, ẹ béèrè ibi tí àkọsílẹ̀ ìjà náà wà. Bí wọ́n bá ní wọ́dà kò sí lẹ́nu iṣẹ́, ìwé tí wọ́n fi ń pín iṣẹ́ ńkọ́? Bí ìbúra méjèèjì bá wá ta kora pátápátá, adájọ́ lè ní kí àwọn tó búra wá sọ̀rọ̀ lójú ara wọn. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹni tó búra jẹ́ ẹni tó máa ń lọ rí i.

9. Ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ àti ohun tó tẹ̀ lé e

Lórí ìwé ni wọ́n ń gbọ́ ọ. Lọ́yà kọ̀ọ̀kan kò ní ju ìṣẹ́jú 20 lọ láti fi ẹnu sọ̀rọ̀. Ẹ lọ, ẹ jókòó, ẹ wọṣọ dáadáa, ẹ má mirí sí ọ̀rọ̀ lọ́yà ìjọba.

Bí ẹ bá pàdánù, oṣù 3 ni ẹ ní láti gbé e lọ sí Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn. Bí ẹ bá borí, ẹ sanwó fún ẹ̀dà ìdájọ́ tí kóòtù fọwọ́ sí lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ kejì, kí bélífù gbé àṣẹ náà dé ọ̀dọ̀ olùjẹ́jọ́ kọ̀ọ̀kan.

Owó ló máa ń pẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ kí báǹkì yọ owó tó wà lọ́wọ́ ìjọba, abala 84 nínú Sheriffs and Civil Process Act lè ní kí ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ Agbẹjọ́rò Àgbà. Kí lọ́yà kọ̀wé yẹn ní kíákíá, kó sì máa kọ òmíràn tẹ̀ lé e. Àṣẹ tí kì í ṣe ti owó, bíi kí wọ́n gbé e lọ sí ọ́sípítù, kò ní irú ìdènà bẹ́ẹ̀: ẹni tó bá kọ̀ ọ́ lè fojú ba kóòtù nítorí ó tàpá sí àṣẹ. Ní ìbẹ̀wò tó bá tẹ̀ lé ìdájọ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni yín bóyá wọ́n ti gbé e lọ, ọjọ́ wo, dókítà wo ló rí i. Ẹ kọ ìdáhùn sínú ìwé àkọsílẹ̀ yín, kí ẹ gbé e fún lọ́yà lọ́jọ́ náà gan-an.